Ẹran Ìgbẹ́ Tó Ń Mí

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, kì í dúró de ìwé kó tó mọ orúkọ ẹranko. Kí n tó lè ka A, B, D délẹ̀ ni mo ti lè ya ọ̀yà sọ́tọ̀ lára òkété, kódà nígbà tí wọ́n bá ti wi wọ́n tán tí irun kankan ò sí lára wọn mọ́. Mo mọ àgbọ̀nrín látara ìwo rẹ̀, mo mọ ẹtu látara pátákò rẹ̀ tín-ín-rín, mo mọ ọ̀ọ̀nì látara okùn tí wọ́n fi ń so ẹnu rẹ̀. Ẹja ni àlejò mọ̀ mọ́ wa. Ibi ère ẹja méjì tó wà ní oríta ni wọ́n ti ń ya fọ́tò kí wọ́n tó wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn kọjá ìsọ̀ ẹja ní Olúwo á kan ìsọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́, á gbọ́ òórùn irun tó ń jó, á sì gbọ́ ohùn Màámi: "Oníbàárà mi, ẹ yà síbí! Ẹran òwúrọ̀ yìí ni o!"

Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa fún wa ni pé ọdẹ ló tẹ ìlú náà dó, Huraka tó ti Ifẹ̀ wá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bú wa pé ẹran ìgbẹ́ la fi ń ṣayé, kò parọ́ mọ́ wa.

Ohun tí mi ò mọ̀ rárá ni ìṣe àwọn ẹranko yìí nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Báwo ni ẹtu ṣe ń họra? Kí ni òòrẹ̀ ń fi gbogbo òru ṣe? Òkú wọn ni mo mọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Mo ti dàgbà, mo ti ń gbowó oṣù, kí n tó rí ẹtu tó ń jẹ ewé. Inú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni mo sì ti rí i, lẹ́yìn wáyà.

Ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹranko síbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko lè rí ohun tí wọ́n ń kà. Ọdún 1974 ló tó di ọgbà ẹranko ní kíkún. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi. Láti Ẹ̀pẹ́, a ó wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, a ó wọ òmíràn níbẹ̀, a ó gba Ìdí Ayunrẹ́ wọ Ìbàdàn. Ọ̀nà náà... ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ ti ọ̀nà.

Bí a bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, kìnnìún ni wọ́n á sá lọ bá. Gbogbo èèyàn ló ń sá lọ bá kìnnìún. Àwọn géńdé á máa pariwo mọ́ ọn pé kó bú, bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lówó. Bẹ́ẹ̀, kìnnìún kì í ṣe ará ilé wa ní gúúsù níbí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tirẹ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà lónìí, Yankari ní Bauchi àti ọgbà Kainji ni ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú igbó wà, ìwọ̀nba náà ò sì pọ̀. Mi ò bínú kìnnìún. Àwọn tó ń kọjá níwájú ẹtà láì yíjú sí i ni mò ń bínú sí.

Kéèjì ẹtà ni mo lọ dúró sí lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ kìnnìún. Ẹranko náà ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Pátákó ara wáyà kọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ ní Látìn, ó parí síbẹ̀. Bàbá kan tó ń tọ́jú wọn ń gbálẹ̀ nítòsí. Mo kí wọn, mo béèrè bóyá ara ẹranko yìí yá.

"Ara rẹ̀ yá, ọmọ mi. Òru ni ọ̀sán tirẹ̀. Ẹ padà wá kí a tó ti géètì."

A padà lọ. Ó ti dìde. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé òkú ẹtà máa ń sún kì nínú èéfín. Ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni fi tìróò kùn ún yíká. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ gùn láti ọrùn dé ìrù, bí ó bá sì fura sí nǹkan, irun náà á dìde gbọnrangandan. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú ilẹ̀, ó ń dúró fi ìdí nu igi kan náà. Bàbá náà ní òórùn ló ń fi síbẹ̀, láti fi sọ fún ẹlòmíràn pé ibẹ̀ ti lẹ́ni tó ni ín. Ẹṣẹ́ kan, bí àpò kékeré, tó wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ ló ń pọ òróró olóòórùn yẹn. Tìtorí òróró yẹn ni wọ́n fi ń sin ẹtà sínú kéèjì ní Etiópíà láti ayébáyé, tí àwọn aṣelọ́fíńdà ilẹ̀ òkèèrè ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ní ìsọ̀ tiwa, ẹṣẹ́ yẹn ni Màámi máa ń kọ́kọ́ gé sọ nù kó má baà ba ẹran jẹ́.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà fa aṣọ mi. "Àǹtí, ṣé ẹran tí Màmá ń tà nìyí?"

Mo ní òun ni.

"Kí ló dé tí èyí ń mí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹranko igbó wa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òru ló pọ̀ jù nínú ayé wọn. Ẹtà, òòrẹ̀, òkété, akika, ọ̀wàwà, òru ni gbogbo wọn ń jáde. Ọ̀sán ni ọgbà ń ṣí. Ohun tí èèyàn máa ń rí fún owó rẹ̀ ni irun tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ pé ẹranko yìí ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀wàwà kò tóbi púpọ̀, orí igi ni ilé rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí ké, ohùn á máa ròkè títí gbogbo igbó á fi gbọ́. Àwọn onímọ̀ ní ìbátan erin ni. Ẹni bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé wọ́n fẹ́ tan òun.

Ti egbére náà ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó jẹ́ dá jáde lọ tọ̀ lóru, nítorí egbére ẹlẹ́ní tí ń sunkún kiri. Ẹranko kékeré kan wà nínú igbó wa, ojú rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó ń fò láti igi dé igi, igbe rẹ̀ lóru kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ ọwọ́. Èmi gbà pé òun ni a ń gbọ́. Màámi ò gbà. Ó ní èyí tó ń sunkún yàtọ̀, èyí tó ní ẹní yàtọ̀, àti pé yunifásítì kì í sùn sínú igbó. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu wa kún fún ẹranko tí ojú wa ò rí rí. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́, a ó ní àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Mélòó nínú àwa tó ń pa òwe yìí ló ti fojú kan erin? Bẹ́ẹ̀ erin kò jìnnà sí wa. Igbó Omo, lágbègbè Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ ní dídáàbò bò ní àgbáyé láti 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnìkan á gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ, gbogbo wa á ṣe àmín. Odídẹrẹ́ fúnra rẹ̀ ń kú sí oko ìwájẹ. Wọ́n ń dẹ okùn fún un, wọ́n ń kó o sínú àpótí, èyí tó bá sì yè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú kéèjì kan ṣoṣo, á máa pe orúkọ ọmọ onílé.

Ìjàpá náà wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo mú lọ ló mọ ọkọ Yánníbo, wọ́n mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ ìdí tí orí rẹ̀ fi pá. Ṣùgbọ́n ìjàpá ńlá tí wọ́n máa ń jókòó tì ya fọ́tò nínú àwọn ọgbà ẹranko, ará etí aṣálẹ̀ ni, láti òkè Hausa lọ sókè. Ti inú igbó wa kéré, ó dúdú díẹ̀, ìkarawun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní oríkèé, tó fi jẹ́ pé bí ewu bá dé á pa á dé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù. Tí mo bá ní kí wọ́n fi èyí han àwọn ọmọ, wọ́n á ní kò wú àwọn lórí. Àlọ́ ti mú kí ìjàpá tóbi jù lójú wọn. (Alágbà tó wà láàfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà dá kún un. Nígbà tó kú ní 2019, ààfin ní ó ti lo 344 ọdún láyé. Àwọn onímọ̀ ní kò sí ìjàpá tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní bá ààfin jiyàn.)

Ọ̀ọ̀nì ni kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan yàtọ̀. Ó dùbúlẹ̀ létí omi, ó la ẹnu sílẹ̀ kí ooru ara rẹ̀ lè jáde, kò mira. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dùbúlẹ̀ ní Olúwo pẹ̀lú okùn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ọlọ́jà láti tọ́jú rẹ̀: ó lè pẹ́ púpọ̀ láì jẹun kò ní kú.

Akika ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ń sún un síwájú nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn.

Akika kò ní eyín. Ahọ́n rẹ̀ tó gùn ló fi ń jẹun, èèrà àti ikán sì nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ìpẹ́ tó bò ó láti orí dé ìrù kò ju ohun tí èékánná wa fi wà lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà á di mọ́ ìdí ìrù ìyá rẹ̀, á máa gùn ún kiri. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ rogodo, kò ní sá. Ọgbọ́n tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn yẹn náà ló jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ èèyàn láti bẹ̀rẹ̀ gbé e sínú àpò. Kò sí ẹran tí ọdẹ ń pa láì yìnbọn bí akika.

Màámi sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsọ̀, wọ́n máa ń bó ìpẹ́ akika dànù ni, àyàfi ìwọ̀nba tí àwọn ẹlẹ́wéọmọ bá ní kí wọ́n tọ́jú fún àwọn. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí wá béèrè ìpẹ́ láì béèrè ẹran. Wọn kì í ná ọjà. Ìyá tó ti ń tajà láti kékeré mọ̀ pé ẹni tí kì í ná ọjà mọ nǹkan tí òun ò mọ̀. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka títa akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀, irú akika yòówù kó jẹ́. Odídẹrẹ́ náà wọ inú òfin yẹn lọ́dún kan náà. Síbẹ̀, ní 2021, Kọ́sítọ́ọ̀mù gbá ìpẹ́ akika mú ní Lẹ́kí, ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 7 lọ. Lẹ́kí! Ojú ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ wa ń gbà lọ sí Èkó. Ẹran kan ìpẹ́ rẹ̀ kò wúwo. Ẹ fi ọkàn ṣírò iye akika tó ní láti kú kí ìpẹ́ tó di tọ́ọ̀nù kan.

Ẹni tó bá wá sọ pé, ó dára, ẹ jẹ́ ká kó wọn sí ọgbà ẹranko kí wọ́n má baà tán, akika fúnra rẹ̀ ló máa dá a lóhùn. Kì í gba kéèjì. Oúnjẹ tí kì í bá ṣe èèrà àti ikán tó mọ̀, ó lè kọ̀ ọ́ títí ebi á fi pa á, ìbẹ̀rù nìkan sì lè dá àìsàn sí i lára. Ní 2016, àwọn ọgbà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà kó akika tó lé ní 40 láti Tógò, irú èyí tó wà nínú igbó tiwa, pẹ̀lú gbogbo owó àti dókítà tí wọ́n ní, síbẹ̀ díẹ̀ kọ́ ló kú nínú wọn. Ní Èkó níbí, dókítà ẹranko kan, Mark Ofua, máa ń gba akika tó ṣì wà láàyè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, á tọ́jú wọn, á sì wá igbó tí yóò tú wọn sí. Bí èèyàn bá fẹ́ bọ́ akika, àfi kó mú un jáde, kó máa rìn tẹ̀ lé e bó ṣe ń tú ilẹ̀ àti igi wá èèrà, wákàtí lórí wákàtí, kó má ṣe yára jù ú lọ. Ta ni ọgbà tí kò rówó ra ẹran fún kìnnìún fẹ́ yàn sí irú iṣẹ́ yẹn?

Ibí ni mo ti ń yapa sí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní kí wọ́n ti gbogbo ọgbà ẹranko pa. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo ti wo ojú ìnàkí tó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, mo sì gbójú kúrò. Mo rántí pé nígbà omíyalé Ògùnpa ní 1980, omi wọ ọgbà ẹranko Àgọ̀dí, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹranko lọ. Ẹran tó wà nínú igbó á ti sá lọ sókè kí omi tó dé. Ní oṣù Èrèlè 2024, kìnnìún kan ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pa ẹni tó ti ń bọ́ ọ láti kékeré, wọ́n sì pa kìnnìún náà. Kò sí ẹni tó jèrè níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe kéèjì ẹtà yẹn, ibo ni ọmọ yẹn ì bá ti béèrè ìdí tí ẹran Màmá rẹ̀ fi ń mí? Ọgbà ẹranko tó bá ṣe tèmi, kìnnìún ò ní sí nínú rẹ̀. Ẹtu ni mo fẹ́, òòrẹ̀, ẹtà, ọ̀ọ̀nì kúkúrú inú irà, ìjàpá kékeré olóríkèé, àti ọ̀wàwà lórí igi tó jẹ́ igi lóòótọ́. Kí wọ́n máa ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó sún mọ́ ohun tí mò ń wí ni ọgbà ìdáàbòbò Lẹ́kí, tó wà láti 1990, hẹ́kítà 78. Níbẹ̀, àwọn ọ̀bọ ń lọ síbi tó wù wọ́n. Èèyàn ni wọ́n gbé kọ́ sórí afárá okùn tó gùn tó mítà 401. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń pariwo ẹ̀rù lórí afárá, àwọn ọ̀bọ á sì máa wò wọ́n. Ètò yẹn dára lójú mi.

Ohun tó kù tí mi ò tíì rí níbì kankan ni ọgbà tó pe ọdẹ tàbí ìyá ẹlẹ́ran jókòó, tó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ọdẹ mọ igi tí ọ̀wàwà ń gbé. Ó mọ èso tó ń mú ẹtu jáde. Gbogbo ohun tó mọ̀ wà nínú ìjálá, ìpàdé ọdẹ ló sì ń parí sí. Pátákó ara wáyà kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ ní Òyìnbó lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ Màámi títí ó fi tẹ̀ lé wa lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn Iléyá. Kò yà sọ́dọ̀ kìnnìún. Iwájú òòrẹ̀ ló dúró sí, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, mo sì mọ ohun tó ń ṣe: ó ń díye lé e.

"Èyí sanra o," ló wí. "Kí ni wọ́n ń fún un jẹ?"

Bàbá olùtọ́jú yẹn sọ fún un: iṣu, ẹ̀gẹ́, èso. Màámi ní ṣé wọn kì í fún un ní eegun ni? Bàbá náà dá ọwọ́ dúró. Ó ní òòrẹ̀ a máa họ eegun jẹ lóòótọ́, ta ló sọ fún un? Màámi ní inú ihò rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ti ń bá eegun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n sọ ti ẹtu, wọ́n sọ ti ìgbà tí òkété ń bímọ, bàbá náà mú bírò jáde, ó ń kọ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wọ́n ti jà ni ti ẹ̀gún. Bàbá ní òòrẹ̀ kì í ta ẹ̀gún, ẹ̀yìn ló fi ń sáré kọlu ọ̀tá, ẹ̀gún á sì já sí i lára. Màámi ní irọ́ ni, ó ń ta á, ọdẹ kan gbé ẹsẹ̀ wá fi ojú ọgbẹ́ han òun.

"Màmá, ó rìn sún mọ́ ọn jù ni."

"Ẹ̀yin ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé, bàbá. Wọn ò tíì pàdé yín lóko lóru."

Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa jáde. Kí a tó kúrò níbẹ̀, Màámi ti gba nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù. Ó ní bí ọdẹ kan bá tún gbé akika tó wà láàyè wá sí ìsọ̀, òun á pè é kó wá ẹni tí yóò gbà á. Mo bi í nínú ọkọ̀ bóyá òótọ́ ló ń wí. Ó ní ọwọ́ iye tí ọdẹ náà bá pè é ló wà.